Àpò Ìsùn ní Ìgbà Ọyẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé wa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi ní Ìlá-Ọ̀ràngún.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń múra láti lọ sun òru méjì nínú igbó ní ẹ̀bá Òkè-Ìlá, ní apá ibi tí omi Àyìkúnnugbá gbé ń wó láti orí àpáta. Ọmọ wa ọkùnrin ń fẹ́ bá wọn lọ. Ẹ̀rù bà wá, nítorí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkúfọ̀ládìde ń bẹ lára rẹ̀, òtútù sì wà nínú ohun tí í máa ru ìrora eegun rẹ̀ sókè. A bèèrè lọ́wọ́ oníṣègùn rẹ̀. Ó ní kí ó máa lọ, bí a bá lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ òtútù, tí ó sì ń mu omi tó.

A ra àpò ìsùn kan tí ó nípọn, tí ó kún fún ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà. A so ibùsùn aláṣọ rọ̀ láàárín igi ọsàn méjì ní ẹ̀yìnkùlé, àwa tìkára wa sì kọ́kọ́ sùn ún wò. Nígbà tí ó di agogo mẹ́ta òru, àyà wa gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa tutù bí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sínú odò.

Ìyá wa àgbà rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bo òkè, ẹ gbàgbé ìsàlẹ̀. Ní abà, ohun tí a ó tẹ́ ni àwa kọ́kọ́ ń wá, kí a tó wá ohun tí a ó fi bora.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Àpò kì í dá ooru ṣe. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ìyẹ́ ni í pa ooru ara wa mọ́. Nígbà tí a bá sì fi ara tẹ ìyẹ́ náà pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ yẹn a jáde, atẹ́gùn a sì máa fẹ́ gba abẹ́ ibùsùn tí a so rọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ẹní fóòmù líle sí abẹ́. Níbi tí ìrì tàbí omi bá wà, àpò olówùú pọlísítà sàn ju ti ìyẹ́ lọ, nítorí ìyẹ́ tí ó rin a dì pọ̀, kò sì ní mú ooru mọ́. Bí àkọlé àpò bá fi ìwọ̀n òtútù púpọ̀ hàn, èyí tí ènìyàn lè fi sùn ní ìrọ̀rùn ni kí ẹ gbà, kì í ṣe èyí tí a kàn lè fi yè. Ẹ má sì ra ti ilẹ̀ oníyìnyín. Ọyẹ́ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, òógùn a sì rin ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀, òtútù a tún padà mú un.

Ọmọ wa gbé àpò pọlísítà lọ, pẹ̀lú ẹní fóòmù àti kíjìpá ìyá àgbà. Ó padà dé ní ọjọ́ kẹta láìsí ìrora, ó ń sọ̀rọ̀ omi àti àpáta. A dúpẹ́ púpọ̀. Kíjìpá nìkan ni kò fẹ́ dá padà títí di òní.