Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ Inú PlayStation

Ọkọ̀ gbé wa kúrò ní Àgbádárìgì láàárọ̀, a sì dé Òkokomáíkò kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sílẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dí ọ̀nà títí dé Ìyànà-Ìbà. Ọdún 2009 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin yóò gba àárín rẹ̀ láti Marina wá sí Òkokomáíkò, kìlómítà 27. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò, Mile 2 ló sì pin sí. Èyí tí wọ́n ṣe dára, mo ti wọ̀ ọ́ rí, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ara Ọ̀jọ́ àti Ìbà ni eruku iṣẹ́ náà bò jù, àwọn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Alábà, ọjà ẹ̀rọ tó wà ní Ọ̀jọ́, ni mò ń lọ. Nínú àpò mi ni PlayStation ti ayé àtijọ́ wà, aláwọ̀ eérú, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Houston nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá géèmù. Síídì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí kò ti Amẹ́ríkà wá: Winning Eleven 3 Final Ver., tí Konami gbé jáde ní Japan lọ́dún 1998. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti gbé Japan rí ló fún mi, ojúlówó ni, ìwé inú rẹ̀ kò tíì ya. Ẹni tó bá ṣe ọmọdé ní Èkó nígbà náà kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ Winning Eleven. Owó búrẹ́dì ni a fi ń gbá a nílé géèmù, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹni tó kàn. Èdè Japan ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, a kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ wa mọ ibi tí a ó tẹ̀ láti yan Nàìjíríà àti láti pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ àbúrò mi ní Ìbà ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi títí, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbá a.

PlayStation Amẹ́ríkà kì í gba síídì Japan. Ìdí tí mo fi wá ọ̀gá kan lọ nìyẹn, ní ìsọ̀ kóńkóló kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta ẹ̀rọ agbóhùnsókè, létí òpópónà Ọ̀jọ́ sí Ìgbẹ́dẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni, àgbàlagbà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara bíi ti ará Àwórì. Mo kí i, mo ní kí ó bá mi fi ṣíìpù tó ń mú kó gba síídì ìlú mìíràn sí i, mo ń mú owó jáde kí n lè fi í sílẹ̀ kí n padà wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó dá ọwọ́ mi dúró.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹni tó máa gbé e lọ ló yẹ kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì wá. Ó yí ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà ka ohun tó rí. "SCPH-7001." "Níbo ló ti wá?" "Amẹ́ríkà, sà. 7000 ni Japan, 7002 ni Yúróòpù." "Iná ńkọ́?" Ọmọ náà ní iná 120 ni ó ń jẹ, tiwa sì lé ní igba, bí a bá kì í bọ iná wa báyìí, ó máa jó. Mo rò pé wọn yóò ní kí n lọ ra tiransifọ́mà. Ọ̀gá fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì, òkú PlayStation ló kún inú rẹ̀. Ó yọ pátákó iná kúrò lára 7002 kan tó ti London wá, èyí tí ojú-iná tó ń ka síídì lára rẹ̀ ti kú, ó sì gbé e sínú tèmi. Bákan náà ni ihò ìdè wọn. Bí ẹ̀rọ Houston ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹ iná Ọ̀jọ́ nìyẹn, láìsí tiransifọ́mà kankan.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú ṣíìpù jáde. Kò tó èékánná àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Ó ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní àárín síídì PlayStation, níbi tí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ máa ń kà, Sony mú kí ìlà síídì náà máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin ló sì wà nínú ìgbọ̀n yẹn: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí a fi ń da síídì kọ nílé kò lè kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà ara síídì kò bá bá ti ẹ̀rọ mu, ẹ̀rọ kọ̀ nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ ṣíìpù kò ju pé kó máa ka ọ̀wọ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sí ẹ̀rọ létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́.

Irin ti gbóná, òjé ti ń yọ́, ó ti lẹ okùn méjì mọ́ pátákó, ni iná bá lọ. Kí ó tó gbé irin kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta agbóhùnsókè níwájú ti na wáyà wọlé láti ara jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ fún un lówó epo, ó ní rárá, pé ọ̀gá ló tún páàdì àwọn ọmọ òun ṣe. Àwọn tí kò mọ Alábà rò pé ẹ̀tàn nìkan ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn kò kúrò lọ́kàn mi bí mo ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀. Japan, Amẹ́ríkà, Yúróòpù. Ọ̀jọ́ kò sí níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, Áfíríkà lódindi kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Ẹni tó ya ààlà náà rò pé ọmọ yóò ra ẹ̀rọ àti géèmù rẹ̀ ní ìlú kan náà. Tòkunbọ̀ ni tiwa. Ẹ̀rọ kan wọ kọ̀ǹténà láti London, òmíràn ti New Jersey wá, òmíràn gba Kùtọnu wọlé, síídì sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Láìsí irú ọ̀gá yìí, ìdajì ohun tó dé ọwọ́ wa ni ìbá di pàǹtí. Mo fi ọkàn mi sọ ọ́: àwọn ló mú kí ọmọ Èkó wà lára ayé géèmù, kò sì sí ibi tí a kọ orúkọ wọn sí.

Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí síídì àdàkọ, àdàkọ sì pọ̀ ní Alábà débi pé àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ya wọ ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ oníṣẹ́ láìfún un ní kọ́bọ̀ ń jalè, mi ò ní gbè é. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 tilẹ̀ lòdì sí jíjá irú títì báyìí. Ṣùgbọ́n síídì tí a fi owó rà ní Japan, tí a ti sanwó fún Konami lórí rẹ̀, ta ni mo jà lólè bí mo bá gbá a ní Ìbà? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ọsirélíà gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Sony pe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stevens lẹ́jọ́ torí ṣíìpù tó ń tà tó sì ń bá àwọn oníbàárà fi sínú PlayStation. Lọ́dún 2005, Stevens ló jàre. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa náà ya ẹni tó ń lo ohun tó rà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jalè.

Nígbà tí a ń dúró kí òjé tutù, ọ̀gá ń sọ ti ẹ̀rọ géèmù Mega Drive fún mi. Nínú ìyẹn, ó máa ń gé ìlà lórí pátákó, á sì fi bọ́tìnì kékeré méjì sí i lára: ọ̀kan fún Japan àti òkè òkun, ìkejì láti yàn bóyá àwòrán 50 ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí 60. Géèmù Sonic tí ọ̀pọ̀ wa bá dàgbà, ti 50 ni, ìdá kan nínú mẹ́fà eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dín. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ fi bọ́tìnì yẹn gbé e sí 60 fún oníbàárà kan, ńṣe ni ọkùnrin náà ń pariwo.

Ìgbà náà ni ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán tí epo ti ta sí. Àwòrán pátákó ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀, oríṣi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ dúró, bírò pupa fún iná, bírò búlúù fún lẹ́tà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yà á. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbìkan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ni ọmọ náà fẹ́ máa tún ṣe, torí fóònù ló ń mówó wọlé. Mi ò lè bá a wí.

Mo dé Ìbà lálẹ́, àwọn ọmọ àbúrò mi sì gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù náà títí ìyá wọn fi lé wọn wọlé lọ sùn.

Láti 1983 ni Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́, ẹnubodè rẹ̀ kò sì jìnnà sí ìsọ̀ yẹn. Àwọn tó ń kọ́ físíìsì àti kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, wọ́n ń ka ohun tí ọ̀gá yìí ń fi ọwọ́ ṣe. Kí wọ́n wá bá a ya àwòrán inú ìwé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń lẹ okùn mọ́ pátákó láìjó o. Kí n tó kúrò ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, mo bi ọ̀gá bóyá yóò gbà wọ́n láyè. Ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni òun kì í ṣí ìsọ̀, kí wọ́n tètè dé láàárọ̀, kí oníkálukú sì mú irin tirẹ̀ dání.