ÀÌSÀN ÌYÁ KÌ Í ṢE ÈPÈ ỌMỌ

 

Ọmọbìnrin ìjọ wa kan ń múra ìgbéyàwó ní Ìkòròdú. Ara ìyá rẹ̀ ò yá ní Ẹ̀pẹ́. Màmá ò lè dìde lórí àga àyàfi tí wọ́n bá fà wọ́n sókè. Ọwọ́ wọn ò gòkè tó láti wé gèlè mọ́. Ìpéǹpéjú wọn wú, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ṣe wọ́n. Àwọn ẹbí ọkọ ní àìsàn ìdílé ni, àwọn ò fẹ́ kó wọlé àwọn. A gba àyè lọ́wọ́ màmá àti ọmọ ká tó kọ èyí.

Dókítà pe àìsàn náà ní dermatomyositis. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti bá àrùn jà ló kọjú ìjà sí iṣan àti awọ onílé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kì í ràn. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Adelowo, tó ṣiṣẹ́ ní LASUTH n'Ìkẹjà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní in.

Ṣé wọ́n ń jogún ẹ̀? Ẹ gbọ́ dáadáa. Àwọn gene kan wà tí wọ́n ń pè ní HLA. Àwọn ló ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí onílé. Oríṣi HLA kan lè mú kí ewu pọ̀ sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbé e ò ní ṣàìsàn yìí láéláé. Igi gbígbẹ ni, kì í ṣe iná.

Kò dà bíi genotype tí à ń béèrè ká tó so yín pọ̀. Tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Èyí ò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá àti ọmọ jọ ní in. Kò sí test ìgbéyàwó fún un.

Ohun tá a sọ fún àwọn ẹbí ọkọ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i. A ṣì ń retí èsì.

Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi fọ́jú, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi. Kí ló dé táwa fi ń dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi?

Tí àtẹ̀gùn bá ń ṣòroó gùn, tí apá ò gbé omi mọ́, ẹ má jókòó sílé. Ẹ lọ sí General Hospital Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo prednisolone, ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín, bá a tilẹ̀ gbàdúrà fún yín lánàá. À ń gbàdúrà, ẹ máa lo oògùn.

Olúwa á fún Màmá lókun. Ẹ bá wa ṣe àmín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń yan àna.