Igun Ilé Tí A Yà Sọ́tọ̀ fún Ọkọ̀ Kékeré

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ wa pé ohun tí ọmọdé bá fi ojú rí tí ó sì fi ọwọ́ kàn kì í tètè kúrò ní ọkàn rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe àwòṣe, èyíinì ni ohun kékeré tí a fi ìwọ̀n ṣe ní àwòrán ohun ńlá: ilé, afárá, ọjà, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ń bẹ̀rẹ̀ tí a kì í parí. Àwọn kan ní àìsí irinṣẹ́ ni ó fà á. Àwọn mìíràn ní àìsí owó ni. Ní tèmi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àìsí ibi tí a lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní ọ̀bẹ kan àti igun ilé kan yóò parí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú ẹni tí ó ní àpótí irinṣẹ́ kíkún, ṣùgbọ́n tí kò ní ibì kan tí pákó rẹ̀ lè sùn di ọjọ́ kejì. Ohun tí ojú mi rí nípa ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ìkòròdú ni ilé wa wà. Ìlú náà kò jìnnà sí ọ̀sà, èbúté rẹ̀ sì wà ní Ìpakodò títí di òní. Síbẹ̀, nígbà tí a rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti lọ fi iṣẹ́ kíkọ́ni dánra wò, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ya ọkọ̀ ojú omi fún mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ya ọkọ̀ ńlá eléèéfín tí wọ́n rí nínú ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, ni ó ya ọkọ̀ onípákó tí ènìyàn méjì ń fi àjẹ̀ wà. Mo bi àwọn yòókù léèrè ohun tí a ń pe èyí tí ó yà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí ó mọ ìtàn mọ̀ pé ojú omi ni ọ̀nà ńlá wa láyé àtijọ́. Nígbà tí a lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọdún 1862 tí ó fi padà sí Èkó. Láìsí ọkọ̀, ìtàn náà kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò ní ọ̀sà ni a fi fáíbà ṣe, tí a sì fi ẹ́ńjìnnì sí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí, nítorí wọ́n yára, wọn kì í sì í jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì ní ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo pinnu nígbà náà pé, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dákẹ́, n óò ṣe àwòṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní pákó sí pákó.

Níbo ni n óò ti ṣe é? Yàrá méjì ni a ní nínú ilé wa, a sì pọ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, a ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Pákó tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ yóò ṣí kúrò ní ipò, ìṣó yóò sọnù, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta yóò sì padà di iṣẹ́ àtúnṣe. Igun kan wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti 2 ní ìbú. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń to agbọ̀n ẹja gbígbẹ tí ó ń tà sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀wọ́, igun yìí ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín.”

Ó wo àwọn agbọ̀n rẹ̀, ó sì wò mí. Ó ní, “Ṣé eré ọmọdé ni o fẹ́ gbé sí ipò ohun tí ń san owó ìwé rẹ?”

Mo dáhùn pé, “Rárá o, Màámi. Ọkọ̀ Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ ṣe, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ̀ ọ́n.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkọ̀ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni ìyá mi fi ná ọjà títí ó fi kú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun igi bá kan ẹja mi, bí abẹ bá gé ọmọ kan nínú ilé yìí, tàbí bí o bá mú ohun tí ń gbiná súnmọ́ ààrò mi, ọjọ́ náà ni agbọ̀n mi yóò padà síbẹ̀.”

Òfin mẹ́ta wọ̀nyí ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣètò ibi iṣẹ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pa wọ́n mọ́.

Ní ti tábìlì, odidi pílàíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní ìbú. Bí a bá là á sí mẹ́rin lọ́gbọọgba, ìdá kan yóò jẹ́ 4 sí 2, ìwọ̀n igun mi gẹ́lẹ́. Mo ra ìdá kan lọ́wọ́ káfíńtà, mo kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tí ó ga ní 30 íǹṣì, mo sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká kí ohun wẹ́wẹ́ má ba à yí bọ́ sílẹ̀. Mo gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa ti apá òsì wọlé, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gé nǹkan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti apá ọ̀tún wá, òjìji ọwọ́ yóò bo ìlà tí a fẹ́ gé. Ní alẹ́, iná kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ, nítorí pé ọ̀kan a máa pa òjìji èkejì.

Ní ti igi, arère ni mo yàn. Òun ni àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní obeche. Àwọn ará Gánà ń pè é ní wawa, àwọn ará Kamẹrúùnù sì ń pè é ní ayous. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, kì í sì í tètè là. Mo rí i kà pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré àti ọkọ̀ ojú omi kékeré ní ilẹ̀ Yúróòpù ń wá igi yìí gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń fi àjákù rẹ̀ dáná ní ibi ìlagi. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yún ara, ó sì lè fa ikọ́ àti ikọ́ èémí. Nítorí náà mo ń fi aṣọ bo imú, ìta ni mo ti ń fi sáńpépà ha igi, mo sì ń wọ́n omi sí ilẹ̀ kí n tó gbá a. Ìyẹ̀fun náà kò kan ẹja rí.

Ní ti gọ́ọ̀mù, èyí tí ó funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo ń lò. Omi ni a fi pò ó, kì í sì í gbiná bí èyí tí àwọn aṣebàtà ń lò, tí òórùn rẹ̀ le, tí a kò gbọdọ̀ ṣí níbi tí iná wà. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni mo fi ń di pákó mú títí yóò fi gbẹ. Abẹ fẹ́lẹ́ àti ayùn kékeré wà nínú agolo olómọrí tí mo gbé kọ́ sókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Níkẹyìn, mo fi páálí àti igi ṣe ìbòrí ńlá kan bí àpótí tí kò ní ìdí, èyí tí mo ń dà bo iṣẹ́ náà lálẹ́. Eruku kò wọ̀ ọ́, aláǹgbá kò gun orí rẹ̀, àbúrò mi kò sì fi ọwọ́ kàn án. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ kíkọ́ni tí n kò ní ju ìdajì wákàtí lọ, n óò ṣí ìbòrí, n óò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Nígbà tí ibi iṣẹ́ ti wà, ó kù kí n lọ wọn ọkọ̀. Mo gba Ìtòíkìn lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ìsinmi. Ọkọ̀ tí mo wọ̀n gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36. Bí mo bá fi íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, àwòṣe náà yóò gùn ní 36 íǹṣì, yóò sì gba púpọ̀ nínú orí tábìlì. Mo fi ìdajì íǹṣì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì di 18 íǹṣì. Ìdá kan nínú 24 nìyí. Ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ààbọ̀ yóò di 2¾ íǹṣì nínú ọkọ̀ náà. Ẹ kíyèsí i pé ẹrù kò tẹ̀lé ìṣirò yìí. Gígùn, ìbú àti jíjìn ni a dín kù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà 24 lọ́nà 24 lọ́nà 24 ni, èyí tí í ṣe 13,824. Bí ọkọ̀ ńlá bá lè gbé 13,824 pọ́n-ùn, pọ́n-ùn kan péré ni kékeré lè gbé. Ẹ fi èyí kọ́ ọmọdé pẹ̀lú ọpọ́n omi kan, kò ní gbàgbé ìṣirò náà láéláé.

Kì í ṣe èmi ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ó fi ohun kékeré sọ nípa ayé wa. Ní ọ̀wọ́ ọdún 1930, Justus Akérédolú, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwòrán àwọn ènìyàn wa lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó wà lára igi nínú igbó ni ó fi ṣe é, ó sì di olókìkí. Ní Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, àwòṣe ọkọ̀ ogun tí a ṣe ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí di òní, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ìgbà náà ti rà tàbí tí wọ́n ti rì.

Nígbà tí mo ti to gbogbo pákó tán, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fi ojú wò ó. Ìka ni ó fi tọ̀ ọ́ láti imú dé ìdí, ó sì ń dárúkọ pákó kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tí a kọ́kọ́ ń kàn, àti ibi tí a ń fi òwú àti ọ̀dà dí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, àwọ̀ wo ni kí n kùn ún?”

Ó ní, “Má kùn ún, ọmọ mi. Bí o bá kùn ún, wọn kò ní rí ojú oríkèé rẹ̀, wọn kò sì ní mọ bí a ti ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ láìkùn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ti gbé e lé orí omi, wọ́n sì ti fi òkúta wọn ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún pè é ní ọkọ̀ àtijọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó ra ayùn, ẹ kọ́kọ́ tọrọ igun. Ẹ tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ẹ sì gba òfin tí ó bá fi lé e. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ pẹ̀lú ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ pákó kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ mọ́ ní ẹ̀bá ọ̀sà wa, wọn kò sì lè dúró dè wá títí a ó fi kọ́ ilé ńlá.