Bí A Kò Bá Rí Àdán

Lásìkò tí ìwé yunifásítì ń tẹ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba yìí, ìdílé mìíràn a ti máa yan aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wí kò ju pé, bí ọmọ bá gba A méjì àti B kan nínú ìdánwò A-level, àyè rẹ̀ ń bẹ. Ìlérí ńlá ni, nítorí bí ọmọ bá ti mú májẹ̀mú náà ṣẹ, ilé-ẹ̀kọ́ kò lẹ́nu àtiyí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kò mọ sí ìdánwò nìkan, torí ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní láti yege nínú àyẹ̀wò ìlera àti ìwádìí ìwà ọ̀daràn pẹ̀lú.

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún tí UCAS, àjọ tí ń gba ìwé ìbéèrè fún àyè yunifásítì, gba ọmọ láàyè láti kọ̀wé sí, méjì péré ni ó lè dì mú: èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù, àti èyí tí yóò gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá bọ́. Àwọn baba wa ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ; ṣùgbọ́n àwa òbí, nítorí orúkọ tí a fẹ́ máa dá láàárín ẹgbẹ́, a máa ń ti ọmọ láti mú ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí àwọn méjèèjì ń béèrè A méjì àti B kan. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní òòbẹ̀ kankan nílé, àdán méjì ni ó ń lé. Bí B kan péré bá sì ṣèèṣì di C, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilẹ̀kùn méjèèjì lè tì mọ́ ọn.

Lóòótọ́, yunifásítì mìíràn a máa fojú fo àléébù díẹ̀, Clearing sì wà fún àyè tí ó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹ jẹ́ kí èkejì jẹ́ èyí tí ń béèrè B mẹ́ta tàbí tí ó dín sí i, kí ó sì jẹ́ ibi tí ọmọ lè fi tayọ̀tayọ̀ lọ bí èsì bá jáde ní oṣù Kẹjọ. Nítorí náà, kí a tó bi ọmọ ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tí èkejì ń béèrè.