Orúkọ Ta Ló Wà Níbẹ̀?

Alájọ tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá ní Àgùdà kì í kánjú. Kí àwọn ìyá alákàrà tó gbé agbada sórí iná, ó ti dé. Tí o bá fún un lówó, á fàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ, á sì tún kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Owó kan, àkọsílẹ̀ méjì. Láti kékeré la ti ń rí i, a ò sì bi ara wa rí pé kí ló dé tí kì í ṣe ẹyọ kan. Ìgbà tí a fẹ̀sùn kan ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìdí rẹ̀ tó yé wa.

Mẹ́ta ni wá nígbà náà. Tí ẹ bá ka àbúrò mọ́ wa, a di mẹ́rin. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgùdà là ń gbé, ibẹ̀ náà la ti ń ṣiṣẹ́. Pálọ̀ ni ọ́fíìsì, tábìlì oúnjẹ ni tábìlì iṣẹ́, inverter kan sì wà lábẹ́ fèrèsé tí a máa ń bẹ̀ bí ẹni ń bẹ àgbà nígbàkigbà tí NEPA bá mú iná lọ. À ń bójú tó ẹ̀rọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí kò lágbára àtigba òṣìṣẹ́ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ń bá àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó wọn. Àbúrò kì í ṣe àbúrò wa ní ti ẹ̀jẹ̀ o. Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, a sì ń fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ.

Kubernetes la fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká là á díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ará Èkó ló mọ kọ̀ntéénà, èyí tí tírélà ń gbé bọ̀ láti Àpápá. Wọ́n á di ẹrù sínú rẹ̀, wọ́n á tì í, ibi yòówù tí wọ́n bá sì gbé e dé, ẹrù inú rẹ̀ ò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń di ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ohun tó nílò sínú kọ̀ntéénà tiẹ̀. Tí kọ̀ntéénà bá wá pọ̀, tí server tó ń gbé wọn náà ju ẹyọ kan lọ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa darí wọn. Google ló gbé Kubernetes síta lọ́dún 2014. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà, atukọ̀ ló sì túmọ̀ sí.

Apá tí atukọ̀ yìí fi ń ronú ni wọ́n ń pè ní control plane. Etcd ni ìrántí rẹ̀. Scheduler ló ń pín kọ̀ntéénà sí server. Controller manager ló ń lọ yíká, tó ń wò ó bóyá ohun tí a ní kó wà ló wà. API server wá ni ẹnu ọ̀nà: kò sí àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè pa tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà yẹn sọ́kàn.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò rí owó wọn mọ́. Ní Èkó yìí, tí owó èèyàn bá sọnù lójú fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti ń pe pásítọ̀. A ṣí kọ̀ǹpútà. Nínú Kubernetes, wọ́n máa ń pín iṣẹ́ sí yàrá yàrá tí wọ́n ń pè ní namespace. Yàrá tí iṣẹ́ oníbàárà yìí wà ti pòórá, òun àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ìta cluster ni database wà, kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù. Ṣùgbọ́n a ò sùn. Nígbà tí a fi máa tún un kọ́ tán, wọ́n ti ń pe ìrun àṣùbáà ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé, ta ló pa á rẹ́?

Àbúrò ló lo cluster kẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní lóòótọ́ lòún pa nǹkan rẹ́, ṣùgbọ́n yàrá test ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mi ò dé production rárá." Ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn pé, "Ta wá ni? Iwin?" Àwa tó kù ò sọ nǹkan kan. A wo àwọn Event tí Kubernetes máa ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ló máa ń tọ́jú wọn tí a ò bá yí i padà, wọn kì í sì í sọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ. Kò sí ẹ̀rí tó gbè é, kò sí èyí tó ta kò ó. Síbẹ̀, a dájọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú Ghana-must-go, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń kí wa, ó sì lọ. A kọ lẹ́tà sí oníbàárà pé a ti rí ẹni tó ṣe é, kò sì sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, a kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, oníbàárà fèsì. Wọn ò bínú, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n bi wá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni? Ṣé ẹnikẹ́ni wo ìsọfúnni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kó tó pa á rẹ́? Èkejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà létí, tí détà àwọn èèyàn bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. A ò ní ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tó dùn wá ni pé Kubernetes ì bá ti sọ fún wa. Audit log ni wọ́n ń pè é: ìwé tí API server fi ń kọ ẹni tó wọlé, ohun tó ní kí wọ́n ṣe, ibi tó ti wá, ìgbà tó dé, àti èsì tí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n tí o bá fi kubeadm kọ́ cluster rẹ bíi tiwa, kò ní kọ ohunkóhun àfi tí o bá fún un ní fáìlì òfin tó sọ ohun tó máa kọ. Lórí EKS ti Amazon pàápàá, oríṣi log márùn-ún ni control plane ní, audit wà lára wọn, pípa sì ni gbogbo wọn wà títí o fi máa tàn wọ́n. A kúkú mọ̀. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ pé "tó bá yá".

A wá jókòó ṣe é. Ìpele mẹ́rin ló wà. None ò ní kọ nǹkan kan. Metadata á kọ ẹni tó wá àti ohun tó ṣe. Request á fi ẹrù tó gbé wá kún un. RequestResponse á kọ ẹrù tó gbé wá àti èyí tó gbé lọ. Ìbẹ̀rù mú wa, a ní kó kọ gbogbo nǹkan ní RequestResponse, ni páásíwọọ̀dù database tí a tọ́jú sínú Secret bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sínú log. A sáré yí i padà: Secret, Metadata nìkan, ariwo tí àwọn ẹ̀rọ ń bá ara wọn pa, None, ìparẹ́ àti àyípadà, Request. Bí ẹ ṣe tò wọ́n ṣe pàtàkì o, torí òfin àkọ́kọ́ tó bá bá ọ̀rọ̀ mu ni API server ń tẹ̀ lé, kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́.

Fífi í síbẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀. Inú fódà /etc/kubernetes/manifests ni fáìlì API server wà, kubelet ló sì ń ṣọ́ ibẹ̀. Tí o bá ti yí nǹkan, á tún API server gbé dìde. A kọ --audit-policy-file àti --audit-log-path sí i, a wá gbàgbé láti jẹ́ kí kọ̀ntéénà API server rí fódà tí fáìlì òfin wà. Ó kọ̀, kò dìde. Àwọn kọ̀ntéénà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ò dúró, ṣùgbọ́n kubectl ò dá wa lóhùn mọ́. A làágùn títí kí ọ̀kan nínú wa tó rántí pé crictl lè ka ohun tó ń pariwo lé lórí. Ẹ má sì tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yẹn sínú fódà kan náà, kubelet á ka méjèèjì. Ẹ fi --audit-log-maxage, --audit-log-maxbackup àti --audit-log-maxsize kún un, kí log má bàa kún dísìkì.

Nígbà tó wá ń kọ, a ṣí i láti wo orúkọ. Orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kubernetes-admin. Fáìlì admin.conf kan náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí WhatsApp la ti fi ṣọwọ́ sí ara wa. Ká ní log wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló pa yàrá náà rẹ́, kò ní lè ya àbúrò sọ́tọ̀ lára wa. A fi ọ̀sẹ̀ kan fún kálukú ní orúkọ tiẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò.

Ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, aago mọ́kànlá alẹ́, fóònù tún dún. Yàrá yẹn náà ni. Àbúrò ò sì sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

A wá aago 23:00 nínú log, a ò rí i, kó tó wá sọ sí wa lọ́kàn pé aago UTC ló fi ń kọ, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú. 22:00 ló wà. Iṣẹ́: delete. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn. Service account ni, ti ètò kékeré kan tí a kọ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, tó máa ń jí lọ́jọ́ kìíní oṣooṣù láti gbá àwọn yàrá tí a bá lẹ àmì "temporary" mọ́ dànù. Nígbà tí ẹnì kan ń da fáìlì kọ, ó lẹ àmì yẹn mọ́ yàrá oníbàárà. Fáìlì kan náà la sì fi tún un kọ́ lálẹ́ àkọ́kọ́. Log tiẹ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi gbà fún un: ClusterRoleBinding kan tó fún un ní agbára cluster-admin. Agbágbàlẹ̀ la fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé.

Ẹ ò ní bá orúkọ ẹni tó kọ ètò náà níbí. Ọ̀kan kọ ọ́, ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan ní kó máa lọ. Àwa náà ni.

A tẹ ojú ìwé yẹn jáde, a sì gba ilé ìyá àbúrò lọ ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó. A dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Wọ́n wò wá títí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ọmọ mi ba iṣẹ́ yín jẹ́?" A ní àwa ni mà, irọ́ la pa mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì wá. Wọ́n ní ká jókòó, wọ́n sì lọ pè é.

Àbúrò ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ kọ lẹ́tà sí oníbàárà pé èmi ni. Ṣé ẹ ti kọ òmíràn pé kì í ṣe èmi?"

A ò tíì kọ ọ́. Orí àga màmá ni a ti kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, lórí fóònù, òun náà sì kà á kó tó lọ. Oníbàárà fèsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí á bá àwọn kí i. Kò padà sọ́dọ̀ wa. Ó ti ríṣẹ́ ní Yábàá, a ò sì rò pé ó yẹ ká bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀.

Ní báyìí, log wa kì í dúró sórí cluster nìkan. Ẹ̀dà kan ń lọ sórí server mìíràn tí oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí àwa ò lè pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀kan lọ́wọ́ wa, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ̀yin náà bá ní ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lórí cluster yín, ẹ lọ wò ó lónìí bóyá ó ní orúkọ tiẹ̀ níbẹ̀, kí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ tó dé.