Ọdún 1984 àti Ìwé Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì HSC ní Ìbàdàn, ìwé James Hadley Chase ló gba ìgboro kan. Ọmọ tí kò bá tíì ka mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, ará oko ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọbìnrin ní Mills & Boon tiwọn, àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ilẹ̀ wa sì ń ka Pacesetters, tí ilé iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1977. Ìtàn ìlú tó dojú rú, níbi tí ìjọba ti ń ṣọ́ èèyàn dé orí ibùsùn, kò sí nínú ohun tí à ń wá kiri. Òun ló wá wa wá.

Animal Farm ló kọ́kọ́ dé. George Orwell ló kọ ọ́, ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ yìí ló sì ń kà á ní kíláàsì. Bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá la ṣe gbà á: àwọn ẹran ọ̀sìn lé olóko lọ, wọ́n gba oko, wọ́n kọ òfin méje sára ògiri. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń mutí, tí òfin ara ògiri sì ń yí padà lóru. Ẹṣin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Boxer, alágbára tí kì í ráhùn. Ìṣòro yòówù kó dé, àfikún iṣẹ́ ló ń fi dá a lóhùn. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ pin, ọkọ̀ ẹni tó ń pa ẹṣin tà ni wọ́n fi gbé e lọ, wọ́n ní ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a ń pè ní Ọmọ Ṣakí, tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe lébìrà láti ìgbà òmìnira, dìde ní kíláàsì, ó ní òun mọ Boxer, àárọ̀ àárọ̀ lòun ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Tíṣà ní kó jókòó, ẹ̀kọ́ kò tíì parí.

Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, àwọn ológun gbàjọba. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí, Túndé Ìdíàgbọn sì ni igbákejì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilẹ̀ yìí lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ gbàgbé. Oṣù Kẹta ni wọ́n kéde ogun lórí ìwàkiwà, tí gbogbo ayé ń pè ní WAI. Ní Mọ́kọ́lá, ní Dùgbẹ̀, sójà mú kòbókò dání, èrò ọkọ̀ ń tò bí ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà á fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ìbáà jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n funfun. N kò ní parọ́, inú àwọn kan dùn sí i. Ìyá mi ní ó ti pẹ́ tí òun ti wọ bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ìgbọ̀nwọ́ gbá òun níhà. Oṣù Kẹrin ni wọ́n pa àwọ̀ owó náírà dà, àwọn arúgbó tó ń tọ́jú owó sínú ìkòkò sì ń sáré kiri báńkì. Wàrà, ṣúgà, ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń tò fún.

Èyí tó wá dun àwa tí à ń ka ìwé jù ni Òfin Kẹrin. Akọ̀ròyìn tó bá gbé ohun tó lè tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba jáde á fi ẹ̀wọ̀n jura, kódà bí òótọ́ ni ó kọ. Oṣù Keje ni wọ́n rán Túndé Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Tai Solarin náà wọ àtìmọ́lé lọ́dún náà. Ìyá mi tó ń yin ìlà bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún wa nílé: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àárín ọdún yìí gan-an ni ìwé tí wọ́n fi ọdún náà sọ lórúkọ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ka Lítíréṣọ̀ ló rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ògbólógbòó ìwé sílẹ̀ létí títì Dùgbẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti ya, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn sì ti já dànù. Ó fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá bò ó, ó kọ Bàọ́lọ́jì sí i lára kí àwọn pírífẹ́ẹ̀tì má baà gbà á. Orwell kọ ìwé náà ní erékùṣù Jura ní Scotland nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń gbẹ ẹ́ lọ. Ó jáde ní oṣù Kẹfà 1949. Oṣù Kìn-ín-ní 1950 ni ọkùnrin náà kú, ẹni ọdún 46. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ wá lára nìyẹn, pé ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí wa ń sọ̀rọ̀ ọdún tí àwa wà nínú rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo, àwa sì pọ̀. A kọ́kọ́ ní kí kálukú mú un sùn lóru kan, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á dé ojú ìwé ogún kì í fẹ́ dá a padà, ẹni tó ń dúró kì í sì í lè sùn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lọ́sàn-án Sátidé lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìdáná nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń kà á sókè. Bó bá dé ibi tí àwọn ọ̀gá ìlú náà ti ń sọ̀rọ̀, á ki ohùn rẹ̀ bí ohùn ológun orí rédíò tó ń ṣe ìkéde, a ó sì da ẹ̀rín bolẹ̀. Nínú ilé Winston, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, tẹlifíṣọ̀n ló ń wo ẹni tó ń wò ó. Ṣebí Yorùbá ní ògiri létí? Ògiri ti ìlú yẹn létí, ó lójú, ó sì lẹ́nu. Iṣẹ́ tí wọ́n gba Winston sí ni pé kó máa yí ìròyìn àtijọ́ padà, kó lè bá ohun tí ìjọba ń sọ lónìí mu. Lọ́jọ́ tí a ka ibẹ̀, ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ìròyìn pamọ́ sínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó ní òun kò mọ̀ bóyá wọ́n máa wá pààrọ̀ èyí tó wà ní láíbìrì. Pírífẹ́ẹ̀tì tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ bẹ́ẹ̀dì wò lóru di Ẹ̀gbọ́n Ńlá, orúkọ olórí tó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn nínú ìwé náà, láti ọjọ́ náà lọ. Títí ó fi jáde, kò mọ ibi tí a ti rí orúkọ yẹn.

A ka ìwé náà dé yàrá tí wọ́n ń pè ní 101, níbi tí wọ́n ti gbé àgò eku sún mọ́ ojú Winston kó lè da olólùfẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ṣakí bú sẹ́rìn-ín. "Eku? Ẹran ọbẹ̀! Kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n fi ata sí i." Ó ní bí òkété bá wà nínú rẹ̀ pàápàá, òun á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Ọmọ Ìjẹ̀bú ní kì í ṣe eku ni wọ́n ń kó sínú yàrá náà. Ohun tó bà ọ́ lẹ́rù jù ni wọ́n ń kó síbẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n kí o tó dé. Ó wá bi Ọmọ Ṣakí pé kí ni wọ́n máa gbé síwájú tirẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní kí wọ́n dá bàbá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ìwé wa já sí. Ojú ìwé tó kù ti bọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kálukú wa ló parí ìtàn náà bó ṣe wù ú. Òmíràn ní Winston á sá lọ, òmíràn ní àwọn ará ìlú á dìde, èmi ní wọ́n á yìnbọn pa á, á sì kú akọni. Ọmọ Ìjẹ̀bú nìkan ló ní yóò tẹrí ba. A fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ẹnìkan tó wà ní yunifásítì fi bírò da orí tó gbẹ̀yìn kọ sínú ìwé kékeré kan, ó sì fi rán wa. Winston kò kú akọni. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó ń mutí kiri, ó sì wá nífẹ̀ẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tọkàntọkàn. Ó dùn wá bí ẹni pé ará ilé wa ni.

Nígbà tí mo ròyìn ìtàn yìí fún bàbá mi nígbà ìsinmi, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní ṣé n kò tíì ka Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ni. Fágúnwà ti kọ̀wé nípa Èdìdàrẹ́ níbẹ̀ láti 1954, ìlú àwọn òmùgọ̀ tí ọba wọn ń jẹ́ Òmùgọ̀diméjì. Bàbá ní àwọn baba wa kò pe orúkọ ọba tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bá ń bú u. Wọ́n á ní ìlú kan wà níbì kan, wọ́n á wá máa wo ojú ẹni tó ń gbọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Ní oṣù Kẹjọ 1985, ìjọba yí padà, wọ́n fagi lé Òfin Kẹrin. Àwa náà túká, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kà wọ́n ju bí àwa ti kà wọ́n lọ. Wọ́n ka The Hunger Games, èyí tí Suzanne Collins kọ ní 2008, nípa ọmọdé 24 tí wọ́n ń kó jọ lọ́dọọdún láti pa ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ka Rosewater, ìwé Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, akọni rẹ̀ ń jẹ́ Káàárọ̀, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Àwọn òbí wọn ń kùn. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọdé fi ń fi ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti ìnilára ṣeré, ṣé ti ìta kò tó wọn ni.

Èmi kò bá wọn kùn. Ẹ wo Winston dáadáa. Kí wàhálà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn ọkàn rẹ̀ ló ń dá kọ sí kọ̀rọ̀ ilé, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba rẹ̀ fi gbogbo agbára ṣe ni pé kí ẹnì kan má baà mọ ohun tó wà nínú ẹnì kejì. Àwọn aláṣẹ ayé gidi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ológun gbàjọba ní Thailand ní 2014, àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó sí gbangba ní Bangkok, wọ́n ń ka ìwé Orwell, àwọn mìíràn sì ń na ìka mẹ́ta sókè bí wọ́n ti rí i nínú sinimá The Hunger Games. Wọ́n kó lára wọn. Ìka mẹ́ta yẹn tún jáde ní Myanmar ní 2021, ilẹ̀ Burma àtijọ́ tí Orwell fúnra rẹ̀ ti ṣe ọlọ́pàá fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà èwe rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wálé, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè pé ta ló ń bá a kà á. Ẹni tó dá a kà lè bẹ̀rù. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ tí yóò bá jiyàn, tí yóò bá rẹ́rìn-ín eku, tí yóò gbọ́ ohun tó ń ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rù látẹnu ọ̀rẹ́ náà, ó ti rí ohun tí Winston kò rí. Àwọn tèmi ń jiyàn lórí Rosewater ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ariwo wọn kì í jẹ́ kí n sùn. Kí wọ́n ṣáà máa pariwo náà.