Áńpù Fífúyẹ́, Áńpù Wíwúwo: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra áńpù ní ọjà Alábà, ní Òjó, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wọ̀n ọ́n. Wọn yóò gbé e sókè díẹ̀. Bó bá wúwo, ọkàn wọn á balẹ̀. Bó bá fúyẹ́, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń tà á á yí padà. Ìwà yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwúwo ni ẹ̀rí pé tíráńsífọ́mà gidi wà nínú àpótí náà, pé ẹni tó ṣe é kò fi bàbà ṣahun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti yí padà, ẹ̀rí àtijọ́ yìí kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Irin àti wáyà bàbà ni tíráńsífọ́mà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wà láti ọdún 1831, nígbà tí Michael Faraday wé wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan ní ìlú London, tó sì rí i pé bí iná inú ọ̀kan bá yí padà, iná a sọ nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ wọn kò fara kanra. Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé àlọ-àbọ̀ yìí lọ́ra, tíráńsífọ́mà nílò irin púpọ̀ àti bàbà púpọ̀ kó tó lè gbé agbára ńlá kọjá. Ibẹ̀ ni ìwúwo ti wá.

Páwà páàkì onísúìṣì gba ọ̀nà mìíràn. Yóò kọ́kọ́ sọ iná 230 fólítì di iná tí kì í lọ, tí kì í bọ̀, èyí tó tó nǹkan bí 325 fólítì. Lẹ́yìn èyí, àwọn súìṣì kéékèèké inú rẹ̀ yóò máa tan iná náà, wọn yóò máa pa á, ní ìgbà tó lè tó 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó fẹ́ pọnmi kún ilé, tó sì jẹ́ pé ìgbà 50 péré ló lè lọ sódò, àmù ńlá ni yóò rù. Ẹni tó lè lọ ní ìgbà 100,000, ife kékeré tó o. Ìdí nìyí tí tíráńsífọ́mà inú páwà páàkì bẹ́ẹ̀ fi lè má ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Irú páwà páàkì bẹ́ẹ̀ ni Rod Holt ṣe sínú kọ̀ǹpútà Apple II ní ọdún 1977. Chord Electronics, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1989, fi í sínú àwọn áńpù olówó ńlá. Ṣájà fóònù tó wà lápò gbogbo èèyàn lónìí, ọmọ ìyá kan náà ni.

Àwọn tó fẹ́ràn tíráńsífọ́mà ní ẹ̀sùn méjì. Wọ́n ní páwà páàkì onísúìṣì ń pariwo, àti pé kò lè gbé ìlù ńlá. Ní ti ariwo, ìgbà 100,000 ti kọjá ohun tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́, nítorí nǹkan bí 20,000 ni òpin tiwa. Kódà, híhùn tíráńsífọ́mà gan-an ló bọ́ sí ibi tí etí ti ń gbọ́. Àmọ́ bí ẹni tó ṣe páwà páàkì náà bá yọ àwọn ohun tó ń sẹ́ ariwo kúrò kó lè tà á ní pọ́ọ́kú, ẹ̀gbin yóò wọnú orin. Kí a gbé rédíò AM sún mọ́ ọn, yóò jẹ́rìí. Ní ti ìlù, tíráńsífọ́mà lè fara da ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú lè pa ara rẹ̀ ní àárín àríyá. Ẹ̀sùn méjèèjì, ọwọ́ tó ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n bá wí, kì í ṣe ọ̀nà tó gbà ṣe é.

Iná tiwa ni ìdánwò tó le jù. Bí 240 fólítì bá rẹ̀ sílẹ̀ di 160, fólítì tí tíráńsífọ́mà yóò gbé jáde á di ìdá méjì nínú mẹ́ta, agbára tí áńpù lè fún sípíkà kò sì ní tó ìdajì mọ́. Páwà páàkì tí wọ́n kọ 100–240V sí lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé lójijì ní 300 fólítì, góńgó rẹ̀ á ga ju 420 lọ, bẹ́ẹ̀ kàpásítọ̀ tí kò gbà ju 400 lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Yóò bú, yóò sì mú àwọn súìṣì lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti oúnjẹ òòjọ́. Bí tíráńsífọ́mà bá jóná, ẹni tó ń wé wáyà yóò tú u, yóò ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, yóò wé bàbà tuntun, áńpù á sì padà sóde àríyá. Ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ. Bí páwà páàkì bá jóná, ẹ̀yà ara tí wọ́n ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò ni atúnṣe lè bá níbẹ̀, láìsí àwòrán sákíìtì kankan. Ewu ikú tún wà nínú rẹ̀: fólítì 325 yẹn lè ṣì wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára iná. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ á ní kí olówó lọ ra òmíràn. Ẹni tó fi owó àjọ ra áńpù láti máa fi jẹun ló mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń dun ni.

Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tó mú un ní dandan fún àwọn tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ kan, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fóònù, láti máa tún wọn ṣe. Áńpù kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ wúlò fún wa. Kí àwọn tó ń kó áńpù wọ̀lú máa kó àwòrán sákíìtì àti ẹ̀yà ara rẹ̀ dání. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa fi páwà páàkì onísúìṣì kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, pẹ̀lú bí a ṣe ń tú iná inú kàpásítọ̀ dànù kí ọwọ́ tó kàn án. Kí oníbàárà pẹ̀lú kọ́ ìbéèrè tuntun. Kó wo ẹ̀yìn áńpù, kó ka fólítì tó ń gbà. Lẹ́yìn náà, kó bi ẹni tó ń tà á léèrè ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá dákú. Bí kò bá rí ìdáhùn gbà, kó tọ́jú owó rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló gbé áńpù náà wá.